ǸJẸ́ Ó YẸ KÍ A FÚN ALÁGBE LÓWÓ?



Àwọn kan a máa wí pé: “Èmi kì í fún alágbe lówó, ọtí ni yóò fi mu.” Ní ọdún 2017, ìwé-ìròyìn kan tí àwọn aláìnílé ń tà ní ìlú Milan bi Póòpù Francis ní irú ọ̀rọ̀ yìí. Ó dáhùn pé ó tọ́ nígbà gbogbo láti ran aláìní lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí a wo ojú rẹ̀, kí a sì fọwọ́ kàn án.

Òtítọ́ ni pé ẹlẹ́tàn wà láàárín àwọn alágbe. Ṣùgbọ́n bí mo bá fún ẹlẹ́tàn, owó péréte ni mo pàdánù. Bí mo bá lé ẹni tí ebi ń pa nítòótọ́, kí ni èmi yóò wí ní ọjọ́ ìdájọ́, nígbà tí Olúwa bá sọ pé Òun ni mo lé? Ta ni nínú wa tí Ọlọ́run kọ́kọ́ wádìí ìwà rẹ̀ kí Ó tó fún un ní oúnjẹ òòjọ́?

Síbẹ̀, owó nìkan kò tó. Ẹlòmíràn ń fi í lé alágbe lọ ni. Nígbà tí Frédéric Ozanam àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Saint Vincent de Paul sílẹ̀ ní Paris ní 1833, ilé àwọn tálákà gan-an ni wọ́n ń bẹ̀ wò.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí alágbe lẹ́yìn Mísà lónìí, ẹ fún un ní ohun tí ẹ ní, kí ẹ sì béèrè orúkọ rẹ̀. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọkàn àánú. Àmín.