Ta Ni Yóò Yan Ẹ̀kọ́ fún Adití?

Òjò ló dá mi dúró n'Ìkọ̀lé-Èkìtì lọ́jọ́ náà. Ilé ojúlùmọ̀ mi kan ni mo yà sí, níbẹ̀ ni mo sì ti bá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi lọ̀ yín yìí pàdé, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ojúlùmọ̀ mi ní ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 16. Ọmọ náà ń gbọ́ràn bíi tèmi tiyín títí tó fi di ọmọ ọdún 7, kí àrùn yírùnyírùn tó kọlù ú. Wọ́n du ẹ̀mí rẹ̀, ẹ̀mí náà ò bọ́, àmọ́ etí méjèèjì di pátápátá.

Wọn ò mú un kúrò nílé ìwé. Iwájú ló ń jókòó sí nínú kíláàsì, ó ń wo ẹnu tíṣà, ó ń da ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé e dé ìparí JSS 3. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, ìṣirò ló ti ṣe dáadáa jù lọ. Ẹ sì mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni oríta wà fún ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín wọn: àwọn kan á lọ sí sáyẹ́ǹsì, àwọn kan á lọ sí àtì, àwọn kan á lọ sí kọ́másì. Wọ́n pín gbogbo kíláàsì náà tán, wọn ò pín ọmọ yìí. Bàbá rẹ̀ ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Wọ́n ní, "Bàbá, ọmọ yín gbìyànjú o. Ẹ wá mú un lọ síbi iṣẹ́ télọ̀ báyìí."

Kò sẹ́ni tó bú ọmọ náà, kò sẹ́ni tó lé e. Àánú ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló gbé ọ̀rọ̀ náà sí mi lọ́kàn. Bí ìkà bá gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, gbogbo wa la mọ orúkọ tá a máa pè é. Bí aláàánú bá gbà á ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹjọ́ bàbá ná, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó bi mí léèrè pé, "Akọ̀wé, mélòó nínú àwọn tó ń gba dìgírì níbí ló ń ríṣẹ́?" Àwọn ará Ìkọ̀lé kúkú mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Láti 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì sílẹ̀ l'Ọyẹ́, Ìkọ̀lé ni wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọlé, tí wọ́n sì ń rí àwọn tó ń jáde. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kàwé jáde, ọ̀kadà ló ń gùn láàrin Ìfàkì àti Ìdó. "Ẹni tó ń gbọ́ràn ò ríṣẹ́, adití ni yóò wá rí i? Abẹ́rẹ́ ò ní bi í bóyá ó ń gbọ́ tàbí kò gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé kò wọ̀ mí lára. Lágbègbè tí Ìrè Ògún wà yìí, ta ni yóò bú iṣẹ́ ọwọ́? Mo mọ télọ̀ tó kọ́lé, mo sì mọ olùkọ́wèé-jáde tó ń yá owó lọ́wọ́ télọ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan la ń sọ, bàbá ti borí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Láti 2011 kan náà, ìjọba ti ní kí gbogbo ọmọ tó bá wọ SS 1 máa kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ 34 ni wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà yẹn. Ní 2025 wọ́n gé e kù sí díẹ̀: títo iná oòrùn, aṣọ rírán, ẹran sísìn, ọ̀gbìn, iṣẹ́ oge, àti títún kọ̀ǹpútà òun fóònù ṣe. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọmọ amòfin yóò kọ́ aṣọ rírán, ọmọ dókítà yóò kọ́ ọ̀gbìn. Àmọ́ ẹ wò ó o: ọmọ tó ń gbọ́ràn ń kọ́ aṣọ rírán pẹ̀lú ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì. Adití ni wọ́n ní kó kọ́ ọ dípò ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì. Abẹ́rẹ́ kan náà ni. Fún ọ̀kan wọ́n fi kún ohun tó ní, fún èkejì wọ́n fi dí i lọ́nà. Mi ò rí ẹni tó lè sọ fún mi pé ohun kan náà ni méjèèjì.

Àwọn baba wa ní ìgbàgbọ́ méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí. (Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ má bínú sí mi, ìtàn ni mo ń pa.) Wọ́n ní Ọbàtálá ló ń mọ ara èèyàn, pé nítorí náà ẹni òrìṣà ni àfín, abuké àti arọ, èèwọ̀ sì ni kéèyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n tún ní olúkúlùkù ló lọ yan orí fúnra rẹ̀ nílé Àjàlá kó tó wá sáyé. Ohun tí a ń pè ní àkúnlẹ̀yàn nìyẹn. A di ìgbàgbọ́ àkọ́kọ́ mú, a gbàgbé èkejì. A ń bọ̀wọ̀ fún adití, a ń fún un lóúnjẹ, a kì í jẹ́ kí ọmọdé sọ ọ́ lókò, gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn àwọn baba wa, ara nìkan ni òrìṣà mọ. Ẹni náà fúnra rẹ̀ ló yan orí. Mi ò gbọ́ ọ rí pé Àjàlá dá adití padà lẹ́nu ọ̀nà pé kó lọ pe bàbá rẹ̀ wá bá a yàn án.

Bóyá ẹnì kan á sọ pé àròsọ ìwé ìròyìn nìyí, pé adití ò lè débì kan nínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 11 ni yírùnyírùn di òun náà létí, bíi ti ọmọ Ìkọ̀lé. Ilé ìwé adití tó wà fún aláwọ̀ dúdú ní Alabama nígbà yẹn kò gbé e dé sẹ́kọ́ńdìrì, ló bá ń ṣiṣẹ́, ó ń fi lẹ́tà kàwé títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí. Ó wọ Gallaudet ní Washington, ó jáde ní 1954, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba dìgírì níbẹ̀. Ní 1957 ó dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Gánà. Ní 1960 ó dé Nàìjíríà, ó dá wọn sílẹ̀ n'Ìbàdàn, Enugu àti Kàdúná. Títí tó fi kú nínú ìjàǹbá bàálù ní Rwanda ní 1987, iṣẹ́ yẹn náà ló ń ṣe. Èdè ọwọ́ tí ọ̀pọ̀ adití ilẹ̀ wa ń sọ lónìí, ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá.

Èkejì ni Abraham Nemeth, afọ́jú láti inú oyún ìyá rẹ̀, ará New York. Ìṣirò ló wù ú. Àwọn tó ń gbà á nímọ̀ràn ní rárá o, afọ́jú kan ò lè ṣe ìyẹn, kó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọkàn èèyàn. Ó kọ́ ọ, ó gba dìgírì méjì, kò ríṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ló wá bi í pé bó bá jẹ́ pé àìríṣẹ́ náà ni, ṣé kì í ṣe ìṣirò tó fẹ́ràn ni ì bá kúkú fi wà láìríṣẹ́? Ó padà sídìí ìṣirò, ó di olùkọ́ yunifásítì, ó sì ṣe ọ̀nà tí afọ́jú fi ń fọwọ́ ka ìṣirò nínú ìwé oníkókó, èyí tó jáde ní 1952. Mo fẹ́ràn ìyàwó yẹn púpọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni mo fún bàbá Ìkọ̀lé.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má lọ jìnnà, kí ni mo fẹ́ sọ sí ti Yínká Ayéfẹ́lẹ́, ọmọ Ìpótì tó wà nítòsí wa, tó ń kọrin lórí kẹ̀kẹ́ arọ, tó sì lówó? Mo ní ẹ̀rí tèmi gan-an lẹ ń jẹ́ yẹn. Ayéfẹ́lẹ́ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ rédíò n'Ìbàdàn kí ìjàǹbá ọkọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí i ní 1997. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló fi rìn kọjá oríta ibi tí wọ́n ti ń pín ọmọ. Kò sẹ́ni tó fi àánú yan nǹkan kan fún un.

Títí dé ibí yìí ẹ ó rò pé mo ti jàre. Mi ò tíì jàre. Ìyá ọmọ náà, tí kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ló bi mí ní ìbéèrè tó kó mi nílẹ̀: "Bó bá wọ sáyẹ́ǹsì, ta ló máa kọ́ ọ?"

Ìwé òfin kò wọ́n. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 1977 ti ní ẹ̀kọ́ àkànṣe nínú. Òfin tó ka fífi ojú kéré àkàndá ẹ̀dá sí ẹ̀ṣẹ̀, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2019. Láti 2017, JAMB ti ní ìgbìmọ̀ kan, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ń darí, tó ń bá àwọn afọ́jú ṣètò ìdánwò tiwọn. Ilé ìwé náà sì wà l'Ékìtì: ti adití wà ní Ìkòrò, níjọba ìbílẹ̀ Ìjerò, kò jìnnà sí Ìdó, ti afọ́jú wà n'Ìkẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá yìí kì í ṣe ti òfin tàbí ti ilé. Tíṣà tó mọ físíìsì kò mọ èdè ọwọ́. Èyí tó mọ èdè ọwọ́ kò mọ físíìsì. Kéèyàn sọ fún adití pé kó yan ohun tó wù ú, kó wá jókòó ọdún mẹ́ta síwájú ẹnu tó ń mì, yíyàn wo ló wà níbẹ̀? Àsè tí wọ́n pe èèyàn sí tí wọn ò fún un níṣu jẹ ni.

Níbo ni tíṣà yẹn yóò ti wá? Láàárín ẹ̀yin náà ni. Láti 1977 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ti wà l'Ọ̀yọ́ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe. Wọ́n ń kọ́ ọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n ń kọ́ ọ ní Jos. Ọmọ tó bá fẹ́ lè kọ́ bí a ti ń kọ́ adití, bí a ti ń kọ́ afọ́jú, bí a ti ń kọ́ ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń lọ́ra. Ṣùgbọ́n ta ló ń fẹ́? Òfin tàbí ìmọ̀ ìṣègùn ni wọ́n ń kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Bí máàkì ò bá tó, tí yunifásítì wá fún ọmọ ní ẹ̀kọ́ àkànṣe, ojú gbogbo ilé á fàro. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan l'Ọyẹ́ tí ẹ̀gbọ́n kan ń bi àbúrò rẹ̀ obìnrin pé, "Odi lo fẹ́ lọ máa bá ṣeré?" Ọmọbìnrin náà sunkún, ó fi í sílẹ̀, ó dúró dé ọdún kejì.

Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Mi ò lè pariwo pé kí wọ́n má yan ẹ̀kọ́ fún adití, kí n wá máa yàn án fún ọmọ tó ń gbọ́ràn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti le fún mi títí di òní. Ọmọ Ìkọ̀lé kò lè yan físíìsì bí kò bá sí ọmọ kan l'Ọyẹ́ tàbí n'Ìdó tó yan òun. Kò sí ìjọba tó lè fi agbára mú ẹni yẹn, bí a bá sì fi agbára mú un, ẹ wo irú tíṣà tí yóò jẹ́. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni ẹnu ẹ̀gbọ́n yẹn, pé kó pa á mọ́.

Òjò ti dá tán nígbà tí mo rántí pé gbogbo wa ti sọ̀rọ̀, àfi ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, òun ló gún iyán tí a jẹ. Mo ya bébà kan, mo kọ ọ́ sí i pé, "Kí lo fẹ́ kà?" Ká sòótọ́, dókítà tàbí lọ́yà ni mo ń retí. Ó ronú díẹ̀, ó kọ ọ́ pé òun ń rí sólà lórí ilé àwọn èèyàn, òun fẹ́ mọ bí oòrùn ṣe ń di iná. Bàbá rẹ̀ gba bébà náà, ó kà á sókè, ó tún kà á lẹ́ẹ̀kejì fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé ó máa ń wo sólà.

Ọmọ náà gba bébà rẹ̀ padà, ó kọ nǹkan sí i, ó na án sí mi. "Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Ta ló yan iṣẹ́ yín fún yín?"

Mo kọ ọ́ fún un pé oko kòkó ni bàbá mi fẹ́ kí n bá òun ṣe, pé mo sá lọ sílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni. Ó kà á, ó wo bàbá rẹ̀, ó ká bébà náà, ó fi í sápò.