Ta Ló Ń Pa Àwọn Àgbà?

Ọjọ́ Túsìdeè ni ọjà Aswani ní Èkó máa ń kún. Bí wọ́n bá ti tú béèlì òkìríkà sílẹ̀ báyìí, ogún ọwọ́ á ki ara wọn bọ inú aṣọ kan náà. Níbẹ̀ ni mo dúró sí, tí mò ń wo ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kan bóyá ó ti jẹ, tí mo gbọ́ "Olè!" Kí n tó yíjú, wọ́n ti di ọmọkùnrin kan mú ní bèbè ṣòkòtò. Ẹnìkan ti ń yí táyà bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹlòmíì ń wá ẹni tí bẹntiróòlù kù nínú jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tó jí.

Bàbá tó ń ta bẹ́líìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Bó bá kú, ìwà ọwọ́ ẹ̀ ló pa á."

Irú ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú odù Ifá tí à ń pè ní Ìká Òfún. Àwọn àgbà mẹ́rìndínlógún ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀mí gígùn ni wọ́n ń wá. Ifá ka èèwọ̀ fún wọn, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Wọ́n dé ibẹ̀ tán, ohun tí a ní kí wọ́n má ṣe ni wọ́n ń ṣe. Ikú wọlé. Ni wọ́n bá nàka sí Ọ̀rúnmìlà pé òun ló ń pa àwọn. Ọ̀rúnmìlà ní òun kọ́, àìpa èèwọ̀ mọ́ ló ń pa wọ́n.

Ìtàn yìí ni ọ̀pọ̀ ń fi ti ẹjọ́ ikú lẹ́yìn. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n Ọ̀rúnmìlà ò mú àdá dání níbẹ̀. A ti kìlọ̀ fún wọn kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ̀, ẹni tí wọ́n sì fẹ̀sùn kàn, Ẹlẹ́rìí Ìpín là ń pè é: ẹlẹ́rìí ni. A ní ẹ̀san ò gbóògùn. Ta ló wá ní ó ń wá olùrànlọ́wọ́? N ò ní purọ́ mọ́ àwọn baba wa o. Láyé àtijọ́, Aláàfin ní tẹ̀tú tó ń bẹ́ orí, Orò sì máa ń gbé ọ̀daràn lọ. Ṣùgbọ́n kò sí aláta kan ní ọjà Akẹ̀sán tó lè gba idà tẹ̀tú nítorí pé inú ń bí i.

Kò jìnnà sí Aswani, ní Ajao Estate, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Oshodi-Isolo kan náà, Chukwuemeka Ezeugo tí wọ́n ń pè ní Reverend King da bẹntiróòlù sára àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀, ó sì ṣáná sí wọn, ní oṣù keje ọdún 2006. Àgbèrè ló ní wọ́n ṣe. Obìnrin kan kú nínú wọn. Òun náà rò pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ lòun ń fi jẹ wọ́n. Bẹntiróòlù tirẹ̀ àti ti ẹni tó ń yí táyà bọ̀ yìí, n ò rí ìyàtọ̀ wọn.

Ilé ẹjọ́ gíga ní Ikeja dájọ́ ikú fún un ní January 11, 2007. Ó di February 26, 2016 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó fọwọ́ sí i. Ará ọjà á ní ó ti pẹ́ jù. Babaláwo ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí orí fífọ́ lásán pàápàá, ẹni tó wá dífá á di ìbò mú: owó ẹyọ lọ́wọ́ kan, egungun lọ́wọ́ kejì, babaláwo ò sì gbọdọ̀ mọ ọwọ́ tí èyíkéyìí wà, kí ìfẹ́ inú rẹ̀ má bàa dá sí èsì. Bí kò bá dá a lójú, yóò tún ọ̀pẹ̀lẹ̀ dà. Ohun tí kò jẹ́ kí n lè gba ti okùn nìyẹn, títí kan ti Ezeugo, tí àánú rẹ̀ kò ṣe mí púpọ̀. Ẹni tí wọ́n ti so rọ̀, kò sí ìbò tí a tún lè gbé lé e lọ́wọ́.

Lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, ìyá tó ni aṣọ já dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ fi í sílẹ̀! Ó ti sanwó, ṣéńjì ẹ̀ ni mo lọ ṣẹ́!" Náírà igba méjì ló rún mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ náà gbà á, kò kà á. Wọ́n fi táyà sílẹ̀ níbẹ̀, nígbà tó sì máa fi di ọ̀sán, oníbẹ́líìtì ti jókòó lé e.