Ẹnu Tí A Fi Ń Kéwú

Bismillahir-Rahmaanir-Rahiim. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn, tí ó fún un ní ahọ́n àti ètè méjì, tí ó sì kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.



Ní ọjọ́ kan ní ilé-kéwú, ọmọdékùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ ka Suratul-Humazah sí mi létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan pè. Mo yìn ín, mo sì ní kí ó lọ ṣe àlùwàlá fún ìrun Àsárì. Kò pẹ́ rárá tí mo fi gbọ́ ariwo níbi tí a kó búútà sí. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ń du búútà kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ni ó bá pe ọmọ náà ní ọmọ àlè.

Mo pè é. Mo ní, “Ta ni ó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn?” Ó wolẹ̀, ó ní, “Àáfà, ẹ má bínú. Inú fíìmù ni mo ti gbọ́ ọ. Nígbà tí màmá inú fíìmù náà sọ ọ́, gbogbo ará ilé wa ni ó ń rẹ́rìn-ín.”

Ẹ̀yin ará mi, mo ti na ọwọ́ sí pàṣán kí ó tó dáhùn. Nígbà tí ó dáhùn tán, ọwọ́ mi rọ̀, nítorí pé èmi náà ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n rí, tí mo rẹ́rìn-ín sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà kò parọ́. Fíìmù ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwa àgbà ni ó fi yé e pé ọ̀rọ̀ náà dùn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ lórí èébú, èpè àti ìsọkúsọ, nínú fíìmù àti ní ẹnu àwa fúnra wa.

Kí ni ẹ̀sìn wí?

Ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin nínú ẹ̀sìn wa. Nínú Suratu Qaaf, aaya 18, Ọlọ́hun jẹ́ kí a mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ènìyàn yóò sọ tí màláíkà tí ń ṣọ́ ọ kò ní wà níbẹ̀. Nínú Suratul-Hujuraat, aaya 11, Ó kọ̀ fún ọkùnrin láti fi ọkùnrin ṣe yẹ̀yẹ́, Ó kọ̀ fún obìnrin láti fi obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́, Ó sì kọ̀ fún wa láti máa pe ara wa ní orúkọ burúkú lẹ́yìn tí a ti gba ìgbàgbọ́. Nínú hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abdullah ọmọ Mas'ud, Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣàlàyé pé onígbàgbọ́ òdodo kì í ṣe ẹni tí ń bu ẹ̀tẹ́ lu ènìyàn, kì í ṣe aṣépè, kì í sì í ṣe ẹlẹ́nu rírùn. Nínú èyí tí Bukhari àti Muslim gbà wá, ó ka bíbú Mùsùlùmí sí ìwà pòkíì.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ ọ̀rọ̀ tí ọmọ yẹn sọ wò dáadáa. Àwa Yorùbá máa ń sọ “ọmọ àlè” bí ẹni mu omi. Ọ̀rẹ́ a sọ ọ́ sí ọ̀rẹ́, awakọ̀ a sọ ọ́ sí ọlọ́kadà. Ṣùgbọ́n kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìyá ẹni tí a ń bú ṣe àgbèrè. Nínú Suratun-Nuur, aaya 4, Ọlọ́hun pàṣẹ pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀sùn àgbèrè kan obìnrin tí ó pa ara rẹ̀ mọ́, tí kò sì mú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá, ọgọ́rin pàṣán ni ìjìyà rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀rí rẹ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ka pípe ènìyàn ní ọmọ àgbèrè mọ́ irú ẹ̀sùn yìí. Èmi kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè lọ gbé pàṣán. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ bí ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣeré ti wúwo tó lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Ìyá ọmọ tí wọ́n bú lọ́jọ́ náà ń dín àkàrà ní oríta. Owó àkàrà yìí ni ó fi ń sanwó ilé-kéwú ọmọ rẹ̀. Nígbà mìíràn a máa fi àkàrà ṣe sàráà fún àwọn ọmọ kéwú, ọmọ tí ó bú u sì wà lára àwọn tí ń jẹ ẹ́. Obìnrin náà kò sí níbi ìjà búútà, kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Síbẹ̀ òun ni èébú náà bá.

Èpè àti orúkọ òrìṣà

Èkejì ni èpè. Nínú fíìmù Yorùbá púpọ̀, bí ìjà bá dé, èpè ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Ìyá a ṣẹ́ ọmọ ní èpè, ìyàwó a ṣẹ́ orogún ní èpè. Àwa tí ń wò ó náà a wá sọ ọ́ di àṣà nínú ilé. Bẹ́ẹ̀ Muslim gba hádíìsì wá láti ọ̀dọ̀ Jabir pé Ànọ́bì kọ̀ fún wa láti ṣẹ́ ara wa, ọmọ wa tàbí dúkìá wa ní èpè, kí ó má baà ṣe kòńgẹ́ wákàtí tí Ọlọ́hun ń gba àdúà. Ẹ̀yin arábìnrin mi tí ẹ óò di ìyá ọmọ lọ́la, àti ẹ̀yin arákùnrin mi tí ẹ óò di baálé ilé, ẹ kọ́ ahọ́n yín láti ìsinsìnyí. Àdúà ni kí ẹ máa fi bá ọmọ wí, kí ẹ máa sọ pé, “Ọlọ́hun yóò ṣe ọ́ ní ẹni rere, kí ló dé tí o ṣe báyìí?”

Ẹran ọ̀sìn pàápàá kò yẹ ní ẹni tí à ń ṣẹ́ ní èpè. Obìnrin kan wà lórí ràkúnmí nígbà ìrìn-àjò, ràkúnmí náà ni ín lára, ó sì ṣẹ́ ẹ ní èpè. Ànọ́bì gbọ́ ọ, ó ní kí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀, nítorí pé ó ti di ẹni ègún. Imran ọmọ Husayn ni ó sọ ìtàn náà, ó wà nínú ìwé Muslim. Bí ti ràkúnmí bá rí báyìí, ti ọmọ tí a fi oyún oṣù mẹ́sàn-án bí ńkọ́?

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ó burú ju èpè lọ. Mùsùlùmí tí ó ti kírun Súbúì a máa ṣí ẹnu pé, “Ògún ni yóò pa ọ́,” tàbí “Ṣàngó ni yóò pa ọ́.” Àwọn ọmọ wa a máa pe ọfọ̀ inú fíìmù nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré nínú ọgbà. Ta ni ó ni ẹ̀mí? Ta ni ó ń pa ni? Àwọn Sàábé kan wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ìbọ̀rìṣà, tí ahọ́n wọn kò tíì gbàgbé orúkọ Laata àti Uzza. Bukhari àti Muslim gbà á wá pé Ànọ́bì ní kí ẹni tí ó bá ṣèèṣì fi wọ́n búra yára wí pé Laa ilaaha illa-llah. Ẹ jẹ́ kí a lo oògùn yìí. Ṣùgbọ́n kí a má gba ọ̀nà kejì tí kò tọ́, kí a máa bú òrìṣà àwọn aládùúgbò wa. Suratul-An'aam, aaya 108, kọ èyí fún wa, kí àwọn náà má baà fi àìmọ̀ bú Ọlọ́hun.

“Àáfà, eré ni”

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ yóò sọ. Wọn yóò ní, “Àáfà, eré ni. Bí fíìmù bá fẹ́ fi ènìyàn burúkú hàn wá, ṣé kéwú ni yóò máa ké ni?” Ìbéèrè yìí dára, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ láìfi ìbínú kún un.

Al-Kùránì fúnra rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn burúkú fún wa. Nínú Suratush-Shu'araai, aaya 27, Fir'awna pe Ànọ́bì Musa ní wèrè. Nínú Suratuz-Zukhruf, aaya 52, ó pè é ní ẹni yẹpẹrẹ tí kò lè sọ̀rọ̀ kí ó yéni. À ń ka aaya wọ̀nyí lórí ìrun. Ṣùgbọ́n ta ni ó ka Al-Kùránì tán tí ẹnu Fir'awna wá wù ú? Kò sí. Ìdí ni pé ìtàn náà kò fi èébú ṣe ẹ̀ṣọ́, kò sì pè wá láti rẹ́rìn-ín sí Musa. Ó fi òmùgọ̀ Fir'awna hàn, ó sì mú wa dé inú omi tí ó gbé e lọ.

Ẹ tún wo ìtàn Ànọ́bì Yusuf. Nínú aaya 23 Sura tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, obìnrin ti ilẹ̀kùn pa, ó pe Yusuf sí ẹ̀ṣẹ̀, Yusuf sì sá di Ọlọ́hun. Gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni ó yé wa, síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ rírùn kan níbẹ̀. Bàbá lè kà á síwájú ọmọ rẹ̀ obìnrin láìdojú bolẹ̀. Ìtàn agbára ni, ó mọ́ tónítóní. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé fíìmù kò lè dùn láìsí èébú, iṣẹ́ ni kò kọ́ tán.

Ìwọ̀n tí mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́ nìyí: nígbà tí èébú bá jáde nínú fíìmù, ta ni ojú ń tì? Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó bú ènìyàn ni ojú ń tì, ìkìlọ̀ ni fíìmù náà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bú ni a fi ń ṣẹ̀sín, tí abúni sì di akọni tí gbogbo ilé ń sín jẹ, ilé-ẹ̀kọ́ èébú ni a jókòó sí, bí a tilẹ̀ ń pè é ní ìgbafẹ́.

Kí a má sì dúró de ìjọba. Láti ọdún 1959 tí tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ni àwòrán ti ń wọ inú ilé wa. Òfin ọdún 1992 dá àjọ tí ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, ti ọdún 1993 sì dá àjọ tí ń yẹ fíìmù wò sílẹ̀, tí ń fi iye ọjọ́ orí tí ó lè wò ó sí ara rẹ̀. Wọ́n ń ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n àjọ kankan kò lè wá jókòó sí pálọ̀ wa, kò sì lè gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ wa.

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ wá ńkọ́?

Islam kò ní kí ẹni tí a ṣẹ̀ panu mọ́. Suratun-Nisaai, aaya 148, fi ààyè sílẹ̀ fún ẹni tí a ṣe àbòsí sí láti sọ̀rọ̀ síta. “Ó jẹ mí lówó, kò san” kì í ṣe èébú. Ṣùgbọ́n “olè ọmọ olè” ti kọjá ẹni tí ó jẹ gbèsè, ó ti dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ tí ó ti wà nínú sàréè. Ànọ́bì kọ́ wa pé nínú ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí ènìyàn bú òbí ara rẹ̀. Àwọn Sàábé bi í pé báwo ni ènìyàn yóò ṣe bú òbí ara rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé yóò bú bàbá ẹlòmíràn, ìyẹn náà yóò sì bú bàbá tirẹ̀. Ẹ lọ sí ibùdókọ̀ ní òwúrọ̀ ọ̀la, ẹ óò rí hádíìsì yìí ní ojúkorojú.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Àwọn Yahuudi kan wá bá Ànọ́bì, dípò sàlámà, wọ́n yí ọ̀rọ̀ pa dà, wọ́n fi ikú kí i. Ìyá wa Aisha gbọ́ ọ, ó sì fi ikú àti ègún dá wọn lóhùn. Ànọ́bì ní kí ó rọra, nítorí pé Ọlọ́hun fẹ́ràn ìrọ̀rùn nínú gbogbo nǹkan. Òun ti dá wọn lóhùn pé ohun tí wọ́n wí, kí ó máa bá wọn náà, ó sì ti tó.

Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Èkíní, bí èébú bá jáde nínú fíìmù, má rẹ́rìn-ín. Bí ọmọdé bá wà níbẹ̀, sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà kò dára, bí ó bá sì pọ̀ jù, pa á. Èkejì, nínú eré tí ẹgbẹ́ wa ń ṣe ní ọjọ́ Màólídì àti Wòlímọ̀tù, ẹ jẹ́ kí á kọ ipa oníwà burúkú láìsí èébú, kí àwọn ènìyàn lè rí i pé ó ṣeé ṣe. Ẹ̀kẹta, bí inú bá ń bí ọ, wí pé A'uudhu bi-llahi minash-shaytaanir-rajiim. Ohun tí Ànọ́bì júwe nìyí nígbà tí ó rí ọkùnrin méjì tí wọ́n ń bú ara wọn, tí ojú ọ̀kan ti pọ́n. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí o ti bú, lọ bẹ̀ ẹ́ nílé ayé níbí. Ànọ́bì sọ nípa ẹni tí yóò mú ìrun, ààwẹ̀ àti sàká wá ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀, ṣùgbọ́n tí ó ti bú èyí, tí ó ti parọ́ mọ́ tọ̀hún. Wọn yóò pín láádá rẹ̀ fún àwọn tí ó ṣẹ̀, bí ó bá tán, wọn yóò di ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn rù ú.

Mo mú ọmọ náà lọ sí ìdí àkàrà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ ìyá náà, èmi náà sì bá a bẹ̀bẹ̀, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ mi ni. Ìyá náà fà á dìde, ó ṣe àdúà fún un, ó sì bu àkàrà fún un. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Kí Ọlọ́hun fọ ẹnu wa mọ́, kí Ó má jẹ́ kí ẹnu tí a fi ń ké Al-Kùránì di ẹnu tí yóò fà wá sínú iná. Amin.