Ó Ha Yẹ Kí A Fi Iye Owó Ẹ̀kọ́ Pamọ́ Fún Ọmọ Bí?

Òwe àwọn àgbà ni pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Nítorí òwe yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ṣe ń ta ohun tí wọ́n ní kí ọmọ wọn lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kò sì sí ẹni tí ó lè bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa: ǹjẹ́ ó yẹ kí ọmọ mọ iye tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń ná ilé, àti ẹni tí ń san án, tàbí ó sàn kí òbí pa á mọ́ra, kí ọkàn ọmọ lè balẹ̀ sórí ìwé rẹ̀?

Àwọn tí ó ní kí a pa á mọ́ kò ṣàì ní ìdí. Wọ́n ní ẹrù àgbà kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Wọ́n ní ọmọ tí ó bá mọ̀ pé gbèsè ni a fi rán òun lọ lè pa ìwé tì, kí ó sì máa wá owó kiri. Ẹ̀wẹ̀, ìtìjú ni fún baba láti sọ fún ọmọ pé òun kò ní. Èmi pàápàá gbà bẹ́ẹ̀ nígbà kan rí, títí ọ̀ràn ilé tiwa fi kọ́ mi ní ọgbọ́n mìíràn.

Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ, owó mi ń dé déédéé. Mo kọ̀wé sí ilé pé bàtà mi ti gbó. Baba mi fi owó bàtà ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni bàtà náà kò gbó. Ti ẹlẹgbẹ́ mi ni ó wù mí. Ìgbà tí a sin baba mi tán ni ọkùnrin kan mú ìwé wá fún àwọn àgbà ilé, pé a ti fi oko kòkó wa dógò lọ́wọ́ òun láti ọdún tí mo ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Èyí nìkan kọ́. Àbúrò mi obìnrin, tí ó mọ̀wé jù mí lọ, ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní ọdún kan náà láti lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Wọ́n sọ fún mi pé òun ni ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo sì gbà á gbọ́, nítorí ó rọrùn fún mi láti gbà á gbọ́. Òun náà ni ó ń ka lẹ́tà mi fún baba wa, òun ni ó sì ń kọ èsì pé kò sí wàhálà kankan nílé. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá mọ̀ ni, ẹ kì bá tí béèrè owó bàtà." Ọdún mẹ́fà ni àwa méjèèjì fi san gbèsè náà kí a tó gba oko padà. Ilé-ìwé tirẹ̀ kò ṣeé gbà padà.

Nípa èyí ni mo ṣe mọ̀ pé kò sí owó ẹ̀kọ́ tí ẹnì kan kì í san. Bí a bá fi í pamọ́ fún ẹni tí ń jẹ àǹfààní rẹ̀, ẹni tí kò lóhùn nínú ilé ni yóò san án. Láyé àtijọ́, baba tí ó jẹ gbèsè a máa fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà, gbogbo ìlú a sì mọ̀. Lóde òní, baba ń sọ ara rẹ̀ di ìwọ̀fà nítorí ọmọ, ọmọ náà gan-an kò sì mọ̀.

Olúwa wa pa òwe nípa ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, pé ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tí yóò ná an. Ẹ jẹ́ kí baba, ìyá àti ọmọ jókòó bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, nígbà tí ó bá ṣì ku ọdún mẹ́ta kí ọmọ parí ilé-ìwé girama. Kí wọ́n ka owó ìdánwò WAEC àti ti JAMB. Kí wọ́n sì rántí pé bí ọmọ bá mú ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí kò bá iṣẹ́ tí ó yàn mu, ọdún kan àti owó rẹ̀ ti ṣòfò. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ kì í gba owó ìkọ́ni fún oyè àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ilé gbígbé wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀, ìwé àti ọkọ̀ wíwọ̀ wà níbẹ̀. Kí wọ́n fi ọdún kan lé iye ọdún tí a kọ sínú ìwé, nítorí ní 2022 oṣù mẹ́jọ ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi daṣẹ́ sílẹ̀. Láti 2024 ni ìjọba ti ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ní owó tí kò ní èlé, tí a ń san tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́, tí ọmọ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá padà ní ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, bí ó bá ti rí iṣẹ́. Gbèsè ni èyí náà, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí ń jẹ àǹfààní rẹ̀ ni ó wà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo ìṣirò yìí, kí a kọ orúkọ ẹni tí yóò pàdánù nǹkan sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, kí a sì kà á sókè. Bóyá ọmọ tí ó bá gbọ́ ọ yóò ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nítòsí ilé fún ọdún mẹ́ta, kí n ti ibẹ̀ wọ yunifásítì, kí àbúrò mi lè dúró nílé-ìwé." Ta ni yóò pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹni tí ẹrù pa?

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe sọ òtítọ́ di ìrègún. Òtítọ́ ni à ń sọ kí owó tó jáde, kí a lè jùmọ̀ yàn. Ìrègún ni à ń sọ lẹ́yìn tí ó ti jáde, kí a lè fi de ọmọ lọ́wọ́. Èkíní ń sọ ọmọ di àgbà, èkejì ń sọ ọ́ di ẹrú.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ ran àwọn òbí tí kò mọ̀wé lọ́wọ́ nínú ìṣirò yìí. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ má dúró títí a ó fi sọ fún yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kí ẹ sì tó kọ lẹ́tà owó bàtà, ẹ kọ́kọ́ wo bàtà náà.