Ẹ̀ṣẹ́ Nìkan Kò Lè Tọ́ Ọmọ

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan wà ládùúgbò. Ó ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yá sí ìjà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn sì ti ń ra mínírà fún un. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu ká mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ síbi tí wọ́n á ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kan ẹ̀ṣẹ́? Àbí ṣe ni à ń bá a pọ́n ọ̀bẹ tó fẹ́ fi gún ènìyàn?

Fún àwa ọmọ Aké, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé. Láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn ti pa ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Abẹ́òkúta, ó sì ti pa wọ́n ní Ṣágámù náà. Tó bá ti ṣẹlẹ̀ báyìí, ẹnìkan á dá àbá lórí WhatsApp pé ká ṣí ibi ìkànṣẹ́ fún àwọn ọmọ yìí. Á ní, "Ẹ ò rí Anthony Joshua ni?"

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo Anthony Joshua, ṣùgbọ́n ká wò ó dáadáa. Watford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní 1989, àmọ́ gbòǹgbò ìdílé rẹ̀ wà ní Ṣágámù, ó sì lo ìgbà díẹ̀ ní Mayflower, ilé-ìwé tí Tai Solarin dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ní 2007, ìbátan rẹ̀ kan mú un lọ síbi ìkànṣẹ́ ní Finchley, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ó gba góòlù ní Òlíńpíìkì. Ní 2016, ó di ọ̀gá àgbáyé.

Apá tí a fẹ́ràn láti máa sọ nìyẹn. Apá tí a máa ń fò ni ti 2011. Ó ti ń kan ẹ̀ṣẹ́ bọ̀ fún bí ọdún mẹ́rin nígbà tí ọlọ́pàá dá mọ́tò rẹ̀ dúró, tí wọ́n bá igbó níbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní kó fi wákàtí 100 ṣiṣẹ́ ìlú láì gbowó, wọ́n sì dá a dúró nínú ẹgbẹ́ àwọn akànṣẹ́ orílẹ̀-èdè náà. Ẹ ṣé ẹ rí i? Ẹ̀ṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò gbà á. Lójú tiwa, ohun méjì ló gbà á: ó ti ní ohun tó lè sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó bínú sí i kò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn pátápátá.

Àwa tí à ń kọ kóòdù jẹun mọ ohun kan: tí nǹkan bá ṣàdédé ṣiṣẹ́, ó yẹ ká mọ èwo gan-an nínú ohun tí a yí padà ló mú un ṣiṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bó pẹ́ bó yá, á tún bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Nítorí náà, kí ló ń ṣiṣẹ́ níbi ìkànṣẹ́?

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀dọ̀ àwọn tí à ń bá du ọmọ náà. Ẹgbẹ́ òkùnkùn kì í fi ìjà fa ọmọ mọ́ra. Orúkọ ni wọ́n fi ń fà á, àti oúnjẹ, àti nọ́ńbà tó lè pè láàárín òru tí ẹnìkan á sì gbé e. Ìjà ni gbèsè tí wọ́n máa wá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá yá. Ibi ìkànṣẹ́ tó dára náà ń fún ọmọ ní orúkọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kì í fi ẹ̀jẹ̀ gba gbèsè. Ní 1988, Loïc Wacquant, onímọ̀ nípa àwùjọ láti ilẹ̀ Faransé, forúkọ sílẹ̀ níbi ìkànṣẹ́ kan ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Chicago, ó sì bá wọn kan ẹ̀ṣẹ́ fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́ta. Ohun tó rí níbẹ̀ kì í ṣe ìjà ìgboro. Iṣẹ́ kan náà lójoojúmọ́ ni: okùn fífò, eré sísá, sísùn lásìkò, oúnjẹ tó níwọ̀n. Agogo lù, o jà; agogo lù, o dúró, bí inú ṣe wù kó máa bí ọ tó.

Àwọn baba wa mọ̀ nípa èyí. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí 1830, wọn ò sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó gbójú pé kí wọ́n lọ jókòó sílé. Bí Ògbóni ṣe wà, tí Pàràkòyí wà fún ọjà, bẹ́ẹ̀ ni Ológun wà, pẹ̀lú Balógun, Ọ̀tún àti Òsì. Ẹni tó lágbára ní ẹni tí yóò jíyìn fún. Nígbà tí ogun Dahomey dé ní 1851, agbára tó ní olórí yẹn ló gba ìlú. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ nìkan kọ́ ló yẹ kó mèrò, ìlú náà gbọ́dọ̀ bá a rò ó.

Tí kò bá sí ẹni tí yóò jíyìn fún ńkọ́? Ilé àtúnṣe ọmọdé ni wọ́n ti rí Mike Tyson. Cus D'Amato, ọ̀gá akànṣẹ́, gbà á tọ́ bí ọmọ. Bàbá náà kú ní 1985. Ní 1986, Tyson di ọ̀gá àgbáyé lọ́mọ ogún ọdún. Ní 1992, ó lọ sẹ́wọ̀n nítorí ìfipábánilòpọ̀. A ò sọ pé ikú bàbá yẹn ló fà á. Ẹni tó ṣẹ̀ ló ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé ìgbànú ọ̀gá àgbáyé kì í tọ́ ọmọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le jù nìyí. Láti 1928 ni dókítà Harrison Martland ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé nípa àwọn akànṣẹ́ tó ń ṣe bí ẹni tó mutí yó láì mutí, nítorí ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n ti gbà lórí. Akoto lè dín egbò ojú kù, àmọ́ kò lè ní kí ọpọlọ má mì nínú agbárí. Àwa wá ń kó ọmọ tiwa lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní Sátidé, ọmọ aláàárù la ní kó lọ gba ẹ̀ṣẹ́ lórí. Ṣé àánú nìyẹn?

Ẹlòmíràn á ní, "Ọmọ tí ìbọn lè pa lọ́la, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ọpọlọ tó máa dàrú lẹ́yìn ogún ọdún?" Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí a ò fi ní kí wọ́n má ṣí i. Àmọ́ pé ọmọ kò ní ohun mìíràn kò túmọ̀ sí pé ohunkóhun ló tọ́ ká fún un. Kó máa lu àpò iyanrìn, kó fò, kó sáré. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá a lórí títí yóò fi dàgbà tó láti pinnu fúnra rẹ̀. Kí ilẹ̀kùn iṣẹ́ ọwọ́ àti ti ilé-ìwé ṣí síbẹ̀, torí ìwọ̀nba ló máa fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun. Kí ọmọ tiwa náà sì wà níbẹ̀, kó jọ fò okùn pẹ̀lú wọn. Ibi tí a ò bá lè fi ọmọ tiwa sí, ká má pè é ní ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Nítorí náà, tí ẹnìkan bá tún dá àbá lórí WhatsApp, ẹ má kọ́kọ́ béèrè iye tí ìbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ́ jẹ́. Ẹ béèrè ta ni yóò máa wà níbẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, fún ọdún márùn-ún, àti ta ni yóò máa san owó oṣù rẹ̀. Tí ọmọ náà kò bá yọjú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ta ni yóò lọ kan ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀ kó tó di alẹ́? Tí a bá ti rí ẹni yẹn, a lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó ìbọ̀wọ́.