Òṣùwọ̀n Wo Ni A Fi Ń Wọn Ọmọ Wa?

Ẹni tí ó bá ti ra gàrí ní ọjà Akẹ̀sán rí yóò mọ̀ pé kóńgò méjì lè jọra lójú, kí wọ́n má jọra nínú. Òǹtajà lè lu ìdí kóńgò tirẹ̀ wọ inú. Bó ti wù kí ó bu gàrí náà tó, kí ó sì gọ́ńgọ́ lórí, ẹni tí ó rà á ti pàdánù kí ó tó délé. Irú ìwà yìí ni Súúrà Al-Mutaffifin, ìkẹtàlélọ́gọ́rin nínú Àlùkùránì, dìde sí: kí ènìyàn fẹ́ ẹ̀kún òṣùwọ̀n fún ara rẹ̀, kí ó sì máa wọn àbùkù fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n a kò bá ti gàrí wá lónìí. Ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa ni a fẹ́ gbé ka orí òṣùwọ̀n.

Láti ọdún 2000 ni àjọ kan tí ń jẹ́ OECD, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní ìlú Paris, ti ń ṣe ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní PISA, láti fi ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè kan wé ti èkejì. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń dán wò nínú ìwé kíkà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, Finland ló ṣe ipò kìn-ín-ní nínú ìwé kíkà, ni àwọn ọ̀mọ̀wé láti ilẹ̀ gbogbo bá ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ síbẹ̀ láti lọ wo irú ọbẹ̀ tí wọ́n ń sè. Nígbà tí ti ọdún 2022 dé, orílẹ̀-èdè àti ẹkùn 81 ló kópa, Singapore ló sì gba ipò kìn-ín-ní nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Morocco àti Indonesia, ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí, wà níbẹ̀, ipò wọn kò sì ga. Nàìjíríà kò sí lára wọn.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé ọmọ tí ó wà nílé-ìwé nìkan ni òṣùwọ̀n yìí ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó jókòó ti ọ̀gá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, tí ó ń fín igbá, kò sí nínú ìṣirò wọn rárá. Ìlú tí wọ́n ti dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì St Andrew's sílẹ̀ ní 1896 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ ni Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n igbá fínfín ti wà ṣáájú kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ẹ lọ wo ọmọ yẹn níbi iṣẹ́. Igbá rí róbótó, kò ní igun tí ènìyàn lè dì mú. Ó gbọ́dọ̀ pín ẹ̀yìn rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí mẹ́jọ tí yóò dọ́gba, láìsí rúlà, ojú ni yóò fi wọ̀n ọ́n. Bí ọ̀bẹ bá yẹ̀, kò sí rọ́bà tí yóò pa á rẹ́. Bí èyí kò bá jẹ́ ìmọ̀, a kò mọ ohun tí à ń pè ní ìmọ̀ mọ́.

Nílé wa níbí, ohun tí ó jọ ọ́ wà. UNICEF sọ nígbà kan pé ọmọ Nàìjíríà bíi mílíọ̀nù 10.5, láti ọmọ ọdún 5 títí dé 14, ni kò sí nílé-ìwé. Ọmọ tí ó wà nílé-kéwú tí wọn kò ti kọ́ ọ ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àti ìṣirò, ara àwọn tí wọ́n kà mọ́ ọn ni. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ èyí, inú bí wa gidigidi. Ọmọ tí ó gbé wàláà láti àárọ̀, tí ó há odindi ìwé Ọlọ́hun sórí, òun ni wọ́n ń pè ní ẹni tí kò sí nílé-ìwé! A pàtẹ́wọ́ ìbínú, a sọ ọ́ nínú wáàsí, àwọn ènìyàn sì ń dá wa lóhùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò sọ nínú wáàsí náà. Ọmọ kan wà tí àwa fúnra wa kọ́. A ṣe wọ́líímọ̀ rẹ̀, ẹran kú, ìlù dún. Lẹ́yìn èyí ó lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́, ìlú tí ó ti ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ láti 1990. Ní ọjọ́ kan ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó wọn oníbàárà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n dáadáa, ó sì kọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n nọ́ńbà Lárúbáwá ni ó fi kọ ọ́, torí òun ni a kọ́ ọ. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò rántí pé àárùn-ún ibẹ̀ rí roboto bí òdo ti Gẹ̀ẹ́sì. Apá aṣọ tí ó jẹ́ íǹṣì 15, ọ̀gá kà á sí 10, ó sì ki síṣọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Aṣọ ìyàwó ni. Wọ́n lé ọmọ náà padà sílé. Kò bú wa. Ó kàn kúnlẹ̀ níwájú wa, ó ní, “Ààfáà, ṣé ẹ mọ ti Gẹ̀ẹ́sì yìí nígbà yẹn?” A mọ̀ ọ́n. Ilé-ìwé àwọn òyìnbó ni a ti kọ́ ọ, kí a tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Láti ọjọ́ náà ni Al-Mutaffifin ti ń gún wa lára. A fẹ́ kí UNICEF wọn iṣẹ́ wa ní ẹ̀kún, ṣùgbọ́n àbùkù ni àwa wọ̀n fún ọmọ ọlọ́mọ.

Kí a wá wo ilẹ̀ mìíràn ńkọ́? Ó dára, bí a bá mọ ohun tí a fẹ́ mú bọ̀. Ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 1977 ló bí 6-3-3-4 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ó sì jọ ti Amẹ́ríkà. Èrò rẹ̀ dára: kí ọmọ mọ ìwé, kí ó sì mọ iṣẹ́-ọwọ́. Wọ́n ra ẹ̀rọ wá láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, inú àpótí pákó tí wọ́n fi kó wọn wá ni wọ́n wà, nítorí kò sí iná, kò sì sí olùkọ́ tí ó mọ̀ wọ́n lò. A mọ ibì kan tí adìyẹ ń yé ẹyin sẹ́yìn àpótí náà. Bẹ́ẹ̀, alágbẹ̀dẹ àti kápẹ́ńtà wà ládùúgbò, a kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n wọ kíláàsì.

Jámánì ṣe é lọ́nà mìíràn. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1969 fi ẹsẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ múlẹ̀: ọmọ ń wà níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀, ó ń lọ sílé-ìwé ní ọjọ́ kan tàbí méjì, wọ́n sì ń san owó díẹ̀ fún un. Lọ́dọ̀ tiwa, òbí ló ń sanwó fún ọ̀gá. Indonesia ní tirẹ̀, ní 1975, àwọn mínísítà mẹ́ta pawọ́ pọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ilé-kéwú tí ó bá fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìmọ̀ ayé máa fúnni ní ìwé ẹ̀rí tí ó bá ti ilé-ìwé ìjọba dọ́gba. Àwọn kan níbẹ̀ bẹ̀rù pé kéwú yóò parun. Kò parun.

Àwa kò ní mínísítà kankan. Ohun tí a ṣe ni pé nọ́ńbà méjèèjì ni a ń kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sí pátákó láti ọdún àkọ́kọ́, a sì bẹ àwọn ọ̀gá méjì kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ wọn máa wá ní ọjọ́ Àlàmísì. Ọ̀kan gbà, èkejì ní ọmọ tí ó bá ń fi ojú sí ìwé kò ní fi ojú sí iṣẹ́. Bàbá kan kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta kúrò lọ́dọ̀ wa, ó ní òun kò mú wọn wá kọ́ ìṣirò òyìnbó. A kò bá a jà; bí àwa náà ti ń sọ̀rọ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn nìyẹn.

Ọmọ télọ̀ wa ti rí ọ̀gá mìíràn. Ó mú ìwé ìwọ̀n rẹ̀ wá fi hàn wá lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀. Nọ́ńbà Gẹ̀ẹ́sì ló wà níwájú, ó sì kọ ti Lárúbáwá kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A bi í pé kí ni èyí wà fún. Ó ní kí òun má baà gbàgbé ni.