Ibi Tí Ẹyẹ Wà

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa bá mi gbé yẹ̀ wò: ẹni tí ó bá wá ẹyẹ tí ó ṣọ̀wọ́n kàn, ǹjẹ́ ó jẹ gbogbo ayé ní gbèsè láti sọ ibi tí ó ti rí i?

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Kì í ṣe kékeré rárá. Ẹ wo agùfọn, ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn tí ó dé adé sórí. Nítorí pé ó lẹ́wà ni wọ́n ṣe ń mú un lọ sínú ọgbà àwọn ọlọ́rọ̀. A sì ń sọ irà di oko mọ́ ọn lójú. Ó ti di àwátì ní ilẹ̀ wa. Ní 2019 ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn CITES ka òwò rẹ̀ láti ilẹ̀ kan sí èkejì léèwọ̀.

Challenge, ní Ìlọrin, ni mo ń gbé. Ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì jáde ní ìdájí lọ sí odò Àsà láti wá jàkánà, ẹyẹ tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí obì, tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé ó ń rìn lórí ojúoró bí ẹni tí ń rìn lórí ẹní. Wákàtí mẹ́ta péré ni a ní. Ọ̀dọ́mọkùnrin apẹja kan ni ó tukọ̀ gbé wa débẹ̀. A rí akọ. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ apá, ẹsẹ̀ wọn ń fì dirodiro. Nínú irú ẹyẹ yìí, baba ni ó ń sàba lé ẹyin, òun náà ni ó ń tọ́ ọmọ. Ìyá a máa lọ fẹ́ ọkọ mìíràn. (Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má sọ èyí létí ìyàwó òun.)

Ní ìrọ̀lẹ́, bùrọ̀dá kan ládùúgbò wa tí ó ń ta ẹyẹ bi mí pé, "Àbúrò, apá ibo lẹ ti rí i?" Mo ní, "Ẹ má bínú, bùrọ̀dá, n kò ní lè sọ."

N kò purọ́ fún un. Èdè wa ń lo "pa" fún ẹyẹ tí a pa, fún irọ́ tí a pa, àti fún ohun tí a pa mọ́, ṣùgbọ́n ìwà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí ó purọ́ ti darí ẹni tí ó bi í sínú igbó. Ẹni tí ó dákẹ́ fi ọ̀nà sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ eBird ní Yunifásítì Cornell, Amẹ́ríkà, ń ṣe: wọ́n ń fi ibi tí a ti rí ọ̀pọ̀ ẹyẹ han gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ti odídẹrẹ́, wọn a fi ojú ibẹ̀ gan-an pamọ́.

Títí dé ibẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni ọ̀rọ̀ apẹja. Òun ni ó mọ ibẹ̀. Kò sí àṣírí tí a lè pa mọ́ fún un. Lọ́jọ́ tí ẹja kò bá bọ́ sí àwọ̀n rẹ̀, jàkánà ń bẹ nítòsí, oníṣòwò ẹyẹ sì ń bẹ ní Challenge pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Àwa tí a jẹun yó kí a tó lọ wo ẹyẹ, ẹ̀tọ́ wo ni a ní láti ní kí ó dákẹ́? Lójú tèmi, a kò ní i lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹyẹ wà kí òun lè máa wò ó, kí ó pín nínú ohun tí ìdákẹ́jẹ́ náà ń ná ẹni tí ó ń bá a gbé.

Ọ̀rẹ́ mi kejì kò gbà. Ó ní bí a bá ń fowó ra ìdákẹ́jẹ́, ẹni tí ó bá lówó jù wá lọ yóò wá ra ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ́la. N kò tíì rí èsì tí ó tẹ́ mi lọ́rùn fún un. Ṣùgbọ́n a ń padà lọ ní Sátidé tí ń bọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni yóò tún tukọ̀ wa, a ó sì bi í ní iye tí òun fúnra rẹ̀ kà sí ẹ̀tọ́.